Ọtí Ni Kí A Mú, Tàbí Ọ̀gá?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn nínú yín sì ni ẹlòmíràn náà. Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì, ẹni tó ni ilé ìwé aládàáni, ẹni tó ń sin adìẹ, ẹni tó ni ilé ìlagi, ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù tó gba ọmọbìnrin méjì péré: gbogbo yín ni mò ń bá wí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Èkó ni èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi.

Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣe pásítọ̀ ní Ìrẹsà, arábìnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan, iṣẹ́ òru. Fóòmàn tó ń darí wọn a máa mutí. Bí paraga bá ti wọ̀ ọ́ lára, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ sí àwọn obìnrin ibẹ̀, a sì máa fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ. Arábìnrin yìí kọ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni fóòmàn ti ń pè é ní àjèjì, nítorí pé ìhà Òkè Ògùn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Òun nìkan ni wọ́n ń ní kó gbé àpò ìyẹ̀fun. Owó àfikún tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ Sátidé kì í kàn án.

Ó lọ sọ fún ẹni tó ni ilé búrẹ́dì. Onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, ó ní, “Má dá a lóhùn, jàre. Kì í ṣe òun, ọtí ni.”

Mo mọ ọ̀gá náà dáadáa. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, ó sì wà lára àwọn tó ń ran ìjọ lọ́wọ́ nígbà tí a ń kan òrùlé. Mo lọ bá a. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní míníráàlì tútù, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ ẹ̀ rí i pé bí mo bá lé fóòmàn yìí lónìí, kò sí búrẹ́dì lọ́la? Ẹ bá mi bẹ ọmọ yẹn kó ní sùúrù.” Mo mu míníráàlì náà tán. Mo padà sọ́dọ̀ arábìnrin náà, mo ní, “Ọmọ mi, máa gbàdúrà, kí o sì fara dà á.” Ó wò mí, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí lẹ́tà, wọn kò san owó oṣù tó ti ṣiṣẹ́ fún. Èyí tó burú jù ni ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri. Wọ́n ní ó mutí wá síbi iṣẹ́, pé ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́bàá ààrò, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú iná. Obìnrin tí n kò rí ọtí lẹ́nu rẹ̀ rí! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ṣiyèméjì. Mo bi ara mi pé, ta ló mọ̀? Ó ṣe díẹ̀ kí n tó gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀ pé ibà ló ń ṣe é lóru ọjọ́ náà, pé kò sì tíì jẹun láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tí arákùnrin kan tó jẹ́ lọ́yà wá sìn pẹ̀lú wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà, ó sì jókòó tì mí ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń ṣí ìwé òfin. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

KÍ NI ÒFIN Ń PÈ NÍ ỌTÍ PÍPA?

Àwa Yorùbá ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ fún un. A ní ọtí ń pa á, ọtí wọ̀ ọ́ lára, ó ti mu àmupara. Nínú gbogbo rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọtí ni olùṣe, ènìyàn ni wọ́n ṣe é sí. Bóyá ìdí nìyí tó fi rọrùn fún wa láti sọ pé “kì í ṣe òun, ọtí ni.” Òfin kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò níhìn-ín ní gúúsù, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Criminal Code, ti wà láti ọdún 1916. Abala 29 rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa ọtí. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ọtí kì í ṣe àwíjàre fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ilẹ̀kùn kéékèèké sílẹ̀. Ó ní bí ọtí bá mú kí ènìyàn má mọ ohun tó ń ṣe, tàbí kó má mọ̀ pé ohun tó ń ṣe burú, a lè gbọ́ tirẹ̀ bí ọ̀kan nínú nǹkan méjì bá jẹ́ òtítọ́. Èkíní ni pé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló mú ara rẹ̀ mutí. Ẹlòmíràn ló fi àrankàn tàbí àìbìkítà ṣe é fún un, bí ìgbà tí ènìyàn bá da nǹkan sínú míníráàlì ẹnìkejì láìjẹ́ kó mọ̀. Bí èyí bá hàn, wọ́n á dá a sílẹ̀. Èkejì ni pé ọtí náà ti yí orí rẹ̀ di ti wèrè, ìbáà ṣe fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn kò ní mú un lọ sílé kíá o. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ẹjọ́ wèrè ni wọ́n máa gbà ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń fi ọtí ṣe àwíjàre ni ẹ̀rí sì wà. Òun ni yóò mú un wá.

Ọ̀nà kẹta wà, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò lè di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láìsí èrò inú. Olè jíjà jẹ́ ọ̀kan. Bí ọkùnrin kan bá mu ẹmu títí, tó wá gun ọ̀kadà ẹlòmíràn lọ sílé, tó rò pé tirẹ̀ ni, adájọ́ lè wò ó bóyá ó ní èrò olè lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí ọwọ́ tí ń fa aṣọ obìnrin máà jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó mọ obìnrin wo ni kò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nítòsí, tó mọ ìgbà tí ọ̀gá ti lọ sùn, kò tíì mu ọtí tí kò jẹ́ kí ó mọ ohun tó ń ṣe.

Nínú ohun tí òfin náà ń pè ní ọtí pípa, ó fi oògùn kún un. Nítorí náà tramadol, igbó àti omi ikọ́ onícodeine, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n pò tàbí kó wọlé mọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, gbogbo rẹ̀ wà nínú agbo kan náà. Bí ẹ bá sì kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, Penal Code ni wọ́n ń lò níbẹ̀, òun tilẹ̀ le jù: wọ́n á kà á sí pé ẹni tó mutí mọ ohun tó yẹ kó mọ̀ ká ní kò mutí.

Ẹnìkan lè ní, “Pásítọ̀, n kò mọ̀ pé paraga ọjọ́ yẹn le tó bẹ́ẹ̀.” Wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Lọ́dún 1988, ọkùnrin kan sọ ní ilé ẹjọ́ níbẹ̀ pé wáìnì tí wọ́n pò nílé ni wọ́n fún òun, pé òun kò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kò sí ìyàtọ̀. Ó mọ̀ pé ọtí ni, ó sì mu ún.

Ẹjọ́ mìíràn tún wà láti ìlú yẹn tó pa mí lẹ́rìn-ín, láti ọdún 1873. Ọkùnrin kan mutí yó níbi ọjà gbàǹjo, ó sì fọwọ́ sí i pé òun yóò ra ilé. Nígbà tí ọtí dá lójú rẹ̀, ó tún sọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, òun yóò rà á. Lẹ́yìn náà ló wá yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní ọtí ló ń pa òun níjọ́ náà. Ilé ẹjọ́ ní àdéhùn tí ènìyàn ṣe nígbà tí ọtí ń pa á, ó lè yẹ̀ ẹ́ bí ẹnìkejì bá mọ̀ pé ọtí ń pa á, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá dá tó sì tún gbà á, ó ti di tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà níbi tí ìgò ògógóró wà nílẹ̀, ẹ gbọ́ o.

Ẹ tún jẹ́ kí a yí ojú rẹ̀ padà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni ọtí ń pa. Ẹ rántí Hánà ní Ṣílò. Ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Élì sì ti pinnu pé obìnrin náà ti mutí yó (1 Sámúẹ́lì 1). Àlùfáà ni o! Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìyàtọ̀ láàrin omijé àti ọtí. Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì pàápàá, àwọn kan fi àwọn àpọ́sítélì ṣẹ̀sín pé wáìnì ló ń pa wọ́n. Ẹ kíyèsí ohun tí Pétérù ṣe. Kò bú wọn, ẹ̀rí ló kọ́kọ́ mú wá: ó pe àkíyèsí wọn sí aago tó lù (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2). Ẹ̀rí ni òfin náà ń béèrè.

Àwọn dókítà mọ̀ pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, bí ṣúgà ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, a máa làágùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró. Bí ṣúgà náà bá sì ga jù fún ìgbà pípẹ́, èémí rẹ̀ lè máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò sì pè é ní òórùn ọtí. Wárápá wà. Ibà wà. Ebi wà pẹ̀lú. Bí ọ̀gá kan bá fẹ́ lé òṣìṣẹ́ nítorí ọtí, òfin gbà á láyè, nítorí mímutí sẹ́nu iṣẹ́ lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, pàápàá fún dérébà àti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kó kọ kúẹ́rì fún un, kó gbọ́ ẹnu rẹ̀, kó mú ẹni tó rí i wá. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́, ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èémí dérébà wò. Ilé búrẹ́dì Ìrẹsà kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ojú àti àhesọ ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́.

NÍGBÀ WO NI Ẹ̀ṢẸ̀ ỌMỌṢẸ́ DI TI Ọ̀GÁ?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ fara balẹ̀ kà dáadáa.

Ní Ẹ́kísódù 21 a rí òfin màlúù tó ń kàn. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa lójijì, màlúù ni wọ́n á pa, ọwọ́ ẹni tó ni ín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò so ó, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn màlúù nìkan. Mo ti wàásù lórí rẹ̀ nígbà púpọ̀. N kò ronú kan fóòmàn rí.

Ohun tí ilé ẹjọ́ ń sọ lónìí sún mọ́ ọn, ó tilẹ̀ tún le jù ú lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe ibi sí ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá gbé lé e lọ́wọ́, ọ̀gá lè san án, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé wọ́n sọ fún un tí kò ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹjọ́ kan ní Nàìjíríà wa níhìn-ín fi èyí hàn. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Microsoft ní Èkó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Industrial Court. Ó ní ọ̀gá òun ń fi ìlọ̀kulọ̀ lọ̀ òun, pé nítorí òun kò gbà ni wọ́n ṣe lé òun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni ilé ẹjọ́ dá a láre. Kì í ṣe ọ̀gá yẹn nìkan ni wọ́n dá lẹ́bi; wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi pẹ̀lú, nítorí pé ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ lé. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n ní kí wọ́n san lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá náírà. Adájọ́ wò ó pé ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin náà tàbùkù sí i gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, ó sì jẹ́ ojúsàájú nítorí pé obìnrin ni. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kọ méjèèjì: abala 34 lórí iyì ènìyàn, abala 42 lórí ojúsàájú.

Abala 42 yẹn, ẹ jẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìlú tó ti wá, bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn rẹ̀, èrò rẹ̀ nípa òṣèlú, tàbí bí wọ́n ṣe bí i. Ìlú tó ti wá! Àwọn tó ń pe arábìnrin wa ní àjèjì, Yorùbá bíi tiwọn ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà sì ni. Láti Ìrẹsà-Adú, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè, ènìyàn lè jáde láàárọ̀ kó sì dé Òkè Ògùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé àwa tí a ń ké pé wọ́n ń fi ojú burúkú wo àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ́nù nítorí àwọ̀ ara wọn, àwa náà ni a ń pe ọmọ Òkè Ògùn ní àjèjì?

Mo mẹ́nu kan Lọ́ńdọ́nù. Ẹjọ́ kan tí wọ́n parí ní Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlú Ọba ní òpin ọdún 1996, ó yẹ kí gbogbo òbí tó ní ọmọ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan ló wọ ilé iṣẹ́ bàtà. Bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bú u, wọ́n fi irin gbígbóná jó o lọ́wọ́, wọ́n nà án lẹ́gba. Kò lo ju oṣù kan lọ tó fi kúrò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní, “A kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ láti máa fi irin jó ènìyàn, iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn, nítorí náà kò kàn wá.” Ẹ wo irú ọgbọ́n! Bí ìwà náà bá ṣe burú tó ni ọ̀gá ṣe máa rí ọ̀nà sá lọ tó. Ilé ẹjọ́ kọ̀ ọ́ pátápátá. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ ni yóò dáhùn. Lónìí, òfin wọn ti ọdún 2010 lórí ìdọ́gba gba ọ̀gá láyè láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kìkì bí ó bá lè fi hàn pé òun ti ṣe gbogbo ohun tó bójú mu kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n sì ti pa á láṣẹ fún gbogbo agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ láti gbé ìgbésẹ̀ kí wọ́n má fi ìṣekúṣe yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni tó wá fẹjọ́ sùn.

Ti ọtí ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ilé iṣẹ́ kan ní Northampton ṣe àríyá Kérésìmesì. Lẹ́yìn àríyá, wọ́n kọjá sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń mutí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ di àríyànjiyàn, ọ̀gá àgbà wọn sì lu ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọpọlọ ọkùnrin náà bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ kékeré ní àríyá ti parí, ọtí aláàjìn ni wọ́n ń mu, kò kan ilé iṣẹ́. Ní ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà. Wọ́n ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń lu ènìyàn yẹn, agbára ọ̀gá ló ń lò, lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ni yóò san án. Ọtí kò bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀kan tún kù nílé wa níhìn-ín tí n kò lè fò. Obìnrin kan tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1995 nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní kòkòrò HIV. Wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò náà láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti jìyà tó. Ó gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́dún 2000. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: lọ́dún 2001, adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà nígbà náà kò jẹ́ kó wọlé wá jẹ́rìí, ó ní kí dókítà kọ́kọ́ wá sọ bóyá kò ní kó o ran àwọn ènìyàn. Ibi tó sá lọ fún ààbò ni wọ́n tún ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn! Ọdún 2012 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìkẹjà tó dá a láre, tí wọ́n ní kí ilé ìwòsàn náà san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún láti ìgbà tí wọ́n ti lé e. Lọ́dún 2014 ni ìjọba ṣe òfin tó kà á léèwọ̀ láti lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ tàbí láti dẹ́yẹ sí i nítorí HIV. Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí òṣìṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbà á síṣẹ́ ní ilé ìwé yín, ẹ lọ bi lọ́yà yín o.

ÀWỌN OHUN KÉÉKÈÈKÉ TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

Òfin iṣẹ́ tí ìjọba ṣe lọ́dún 1974 ṣì wà. Ó ní bí ènìyàn bá ti ṣiṣẹ́ fún ọ láàrin oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan ló tọ́ sí i. Bí ó bá ti tó ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọdún márùn-ún lọ, oṣù kan. Bí o kò bá fún un ní nótíìsì, san owó rẹ̀ dípò. Owó iṣẹ́ tó ti ṣe tán, tirẹ̀ ni. Òfin kan náà ló ní kí aboyún gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́ sì gbà ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀, kí wọ́n sì fún ìyá ọlọ́mọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Mo mọ àwọn ilé ìwé Kristẹni tó ń lé tíṣà tó bá lóyún. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí irú èyí bá bá yín, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo ni, aago mélòó, ta ló wà níbẹ̀, kí ló sọ. Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sun ọ̀gá, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹnu sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Industrial Court ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ náà lè wo àdéhùn tí Nàìjíríà bá àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ṣe lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí èyí tó lòdì sí ojúsàájú níbi iṣẹ́ lọ́dún 2002, ó sì fọwọ́ sí èyí tó lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ lọ́dún 2022. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council kó béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fún un. Ẹ má sì jókòó tì í pẹ́, nítorí òfin ní iye àkókò tó ń fún ẹjọ́.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, bí arábìnrin kan bá wá bá yín, ẹ gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn opó wọn níbi ìpín oúnjẹ, àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n fara dà á; wọ́n yan ènìyàn méje, wọ́n tún ètò náà ṣe (Ìṣe 6). Mo ti kọ́ orí ìwé yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo sì yege nínú ìdánwò rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, mo mú ohun tí lọ́yà fi hàn mí lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó ni ilé búrẹ́dì. Ara rẹ̀ kò le mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, fóòmàn náà sì ti kú. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Pásítọ̀, èló ni mo jẹ ẹ́?” A jọ ṣírò rẹ̀: owó oṣù kan tí kò san, àti ti ọ̀sẹ̀ méjì dípò nótíìsì. Ó fi púpọ̀ kún un, nítorí owó ọjọ́ náà kò lè ra nǹkan kan mọ́ lónìí. A wá ọ̀nà títí a fi rí ẹ̀gbọ́n arábìnrin náà ní Ṣakí, ó sì bá wa mú owó náà lọ.

Arábìnrin náà gba owó, ó sì dúpẹ́. Ó wá fi iṣẹ́ rán sí wa pé ohun kan kù tí òun fẹ́. Nígbà tí òun kúrò lọ́dọ̀ wa, ilé búrẹ́dì méjì ni òun wá iṣẹ́ lọ, méjèèjì ló sì ti gbọ́ pé ọ̀mùtí ni òun. Ó ní kí ọ̀gá kọ lẹ́tà, kó sọ nínú rẹ̀ pé òun kò mutí wá síbi iṣẹ́ rí, kó sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni mo bá wọn kọ lẹ́tà náà. Kò ju ìlà márùn-ún lọ. Mo gbé e lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi, mo fi bírò lé e lórí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá àwọn ọmọ òun sọ ọ́ ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ní àná tí mo yà níbẹ̀, lẹ́tà náà ṣì wà níbi tí mo gbé e sí.